Àwọn Ọmọ Ayétòrò Nínú Ìwé àti Lórí Ìtàgé

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ kan ní Satellite Town, ní agbègbè Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ń pète eré orí ìtàgé kan lórí ìgbé-ayé àwọn ọ̀dọ́ tí a tọ́ dàgbà ní Ayétòrò, ìlú àwọn Àpósítélì Mímọ́ tí ó wà ní etí òkun ilẹ̀ Ìlàjẹ. Wọ́n fi ìlànà eré náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa, wọ́n ní kí a wò ó bóyá ìtàn tí ó wà nínú rẹ̀ tọ̀nà. A ti kà á ní àkàtúnkà. Ọ̀ràn náà kan ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, ó sì kan ìtàn ìjọ tiwa pẹ̀lú, ju bí àwọn tí ó kọ ọ́ ti rò lọ. Nítorí náà ni a ṣe rí i pé ó yẹ kí a dá wọn lóhùn ní gbangba, kí àwọn mìíràn tí ó bá ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lè bá wọn gbọ́.

A kò bá wọn wí nítorí pé wọ́n yan ọ̀ràn yìí. Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò tí wọ́n ń gbé yóò mọ ìdí rẹ̀ tí ó fi fà wọ́n mọ́ra. Festac Town tí ó wà nítòsí wọn ni a kọ́ láti gba àwọn òṣèré àti àlejò tí ó wá láti gbogbo ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú sí àjọ̀dún 1977. Ṣùgbọ́n lónìí, ní ìlú méjèèjì, olúkúlùkù onílé ni ó gbẹ́ kànga tirẹ̀, tí ó ra ẹ̀rọ mànàmáná tirẹ̀, tí ó sì ti géètì tirẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ọmọ lè gbé òpópó kan fún ogún ọdún kí ó má mọ orúkọ ìyá tí ń gbé ojúlé kejì. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ pé ìlú kan ti wà rí ní ilẹ̀ wa, níbi tí ẹ̀rọ mànàmáná ìlú ti ń tan iná fún gbogbo ilé tí a kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, báwo ni kò ṣe ní fẹ́ mọ̀ bí ó ti rí?

Ní 1947 ni a tẹ Ayétòrò dó. Àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó ti jẹ́ ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìjọ tí Mósè Orímọládé dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1925 pẹ̀lú Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún nígbà náà. (Kí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ọjọ́ orí ọmọbìnrin yìí sí ọkàn, ó lè wúlò fún wọn ju wòlíì inú eré wọn lọ.) Wọ́n bá àwọn àṣà kan ní ilẹ̀ wọn jà, pàápàá pípa ìbejì, a sì ṣe inúnibíni sí wọn. Wọ́n kó lọ sí etí òkun, ní orí iyanrìn àti ẹrẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn dù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ri òpó igi mọ́lẹ̀, tí wọ́n fi pákó ṣe ilé àti òpópó. Ohun tí a kọ sí orí kejì àti ìkẹrin ìwé Ìṣe Àwọn Àpósítélì ni wọ́n sì gbà gẹ́gẹ́ bí òfin tí a ní láti pa mọ́, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí a ń kà ní ọjọ́ Ìsinmi tí a sì ń pa ìwé dé. Ẹnikẹ́ni kò ní ohun tirẹ̀. Ẹja tí a pa, ọkọ̀ tí a kàn, bàtà tí a ṣe, aṣọ tí a rán, inú àpò kan ṣoṣo ni owó wọn ń lọ. Láti inú àpò náà ni a ti ń bọ́ olúkúlùkù, tí a sì ti ń wọ̀ ọ́ láṣọ. Láàárín ogún ọdún, ìlú náà di ọlọ́rọ̀ tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń wò pẹ̀lú ìyanu. Ní òpin àwọn ọdún 1960 ni a bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀ǹda fún olúkúlùkù láti máa ṣòwò fún ara rẹ̀, láti ìgbà náà sì ni okùn àtijọ́ ti ń tú. Lónìí, òkun ni ó ń jẹ ìlú náà. Ó ti gbé ilé lọ, ó ti gbé ilé-ẹ̀kọ́ lọ, ó ti wú ibojì. Odi tí ìjọba ti ń ṣe ìlérí rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún kò sì dá a dúró.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, Ayétòrò pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó bá dé ibùdókọ̀ kan ní Èkó, tí ó sì wí pé Ayétòrò ni òun ń lọ láìsọ jù bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó bá ara rẹ̀ ní ilẹ̀ Yewa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí kò ti ní rí òkun rárá.

Nísinsìnyí, ìlànà eré náà. A bí ọmọbìnrin kan sí Ayétòrò. Wòlíì àgbà fẹ́ fi í fún arúgbó kan gẹ́gẹ́ bí aya. Ọmọbìnrin náà bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan sá lọ sí Èkó ní òru nínú ọkọ̀ ojú omi. Wòlíì lu agogo, ó ṣépè. Níkẹyìn àṣírí rẹ̀ tú pé òun ni ó ń jẹ owó ìlú, àwọn ènìyàn sì lé e jáde. A wí i láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé a kò rí ohunkóhun nínú ìtàn yìí tí ó ti Ayétòrò wá. Orúkọ ìlú nìkan ni wọ́n mú láti ibẹ̀. Wòlíì náà, Bar Beach ni wọ́n ti mú un wá.

Láti 1960, nígbà tí a kọ́kọ́ ṣe The Trials of Brother Jero tí Wọlé Ṣóyínká kọ, ní Mellanby Hall ní University College, Ìbàdàn, ni Jero ti jókòó sí ọkàn gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ kọ eré nípa ìjọ aláṣọ funfun. Eré náà dára. A ti rẹ́rìn-ín sí i, a óò tún rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá ń wá àwọn ọ̀dọ́ kiri nínú rẹ̀ wo ohun tí yóò rí: ọmọ onílù kan tí obìnrin kan ń lé kọjá, àti ọmọbìnrin kan tí ó kọjá lọ wẹ̀ nínú òkun, tí ojú wòlíì sì bá a lọ. Wọ́n kọjá ni. Wọn kò dúró. Èyí kì í ṣe àbùkù fún Ṣóyínká, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn kọ́ ni ó ń sọ. Ohun mìíràn sì wà tí àwọn aláfarawé rẹ̀ kò kíyèsí. Oníbàárà ni àwọn ọmọ ìjọ Jero jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò fi í pamọ́. Wọ́n wá sí etí òkun, wọ́n gba àdúrà, wọ́n san owó, wọ́n sì padà sí ilé wọn. Bí wòlíì bá tàn wọ́n jẹ, wọ́n lè lọ sí ọ̀dọ̀ wòlíì mìíràn ní ọ̀la. Ọmọ Ayétòrò kò ní ilé mìíràn tí yóò padà sí. Oúnjẹ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, aṣọ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti Ọlọ́run rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn kan náà ni gbogbo wọn ti ń wá. Ẹni tí ó bá fi Jero sí àárín irú ìlú bẹ́ẹ̀ ti sọ ìṣòro ńlá di kékeré, nítorí pé bí olè bá ni olórí, kí a lé olè lọ ni, ọ̀ràn bùṣe. Ṣùgbọ́n bí olórí kò bá jalè ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé ẹni rere ni, tí ó ń jẹ ohun tí àwọn yòókù ń jẹ, tí ọmọ náà sì fẹ́ lọ síbẹ̀síbẹ̀? Níbẹ̀ ni eré wà, kò sì sí nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa.

Ṣóyínká tún padà sí ọ̀ràn yìí ní ọ̀nà mìíràn. Nínú ìtàn-àròsọ rẹ̀ Season of Anomy, tí ó jáde ní 1973, ó dá ìlú kan tí ó pè ní Aiyéró, a sì mọ̀ pé Ayétòrò ni ó wò kọ ọ́. Kò tún jẹ́ ìlú Kristẹni mọ́ ní ọwọ́ rẹ̀. Ó ti gbé e padà sí orí ọkà àti ìrúbọ. Ofeyi, ẹni tí ń polówó kòkó fún àwọn ọ̀gá rẹ̀, ni ó lọ sí ibẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ sì yí padà. Ohun kan yà á lẹ́nu: àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Aiyéró ń lọ ṣiṣẹ́ káàkiri ilẹ̀, wọ́n ń rí ayé, wọ́n sì ń padà wá. Èyí ni ìbéèrè tí ó tọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀wọ̀n ni ìlú náà, kí ni ó ń dá wọn padà? Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí òǹkọ̀wé ti béèrè rẹ̀, kò pe ọ̀kan nínú wọn kí ó wá dáhùn. Ahime tí ó jẹ́ àgbà ni ó ń sọ̀rọ̀. Ofeyi tí ó jẹ́ àlejò ni ó ń rò ó. Àwọn ọ̀dọ́ náà di ogun tí a óò rán jáde láti tún orílẹ̀-èdè ṣe. Jero ń fi ìlú Ọlọ́run ṣe yẹ̀yẹ́, Season of Anomy ń fi í ṣe àlá. Nínú méjèèjì, ọmọ tí a bí sí ibẹ̀ kò lanu.

Ìwé kẹta tí a fẹ́ dárúkọ kì í ṣe eré. Stanley Barrett, ará Kánádà, onímọ̀ nípa ìgbé-ayé ẹ̀dá, gbé láàárín wọn, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ The Rise and Fall of an African Utopia jáde ní 1977. Ó fi orúkọ ìlú náà pamọ́, ó pè é ní Olowo. Ìlú kejì tí ó ní irú ẹ̀sìn kan náà ṣùgbọ́n tí kò là ni ó pè ní Talika. Ìbéèrè rẹ̀ ni ohun tí ó mú ọ̀kan là tí èkejì kò fi là, ó sì tọpa rẹ̀ dáradára. Kí àwọn ọ̀dọ́ wa kà á ṣáájú ohunkóhun mìíràn. Wọn óò rí i níbẹ̀ pé àkókò kan wà tí a pín ìlú sí apá ọkùnrin àti apá obìnrin, tí a sì fi ọmọ sí ọwọ́ ẹlòmíràn yàtọ̀ sí àwọn òbí tí ó bí i. Wọn óò tún rí i pé àwọn àgbà ìlú gbàgbọ́, wọ́n sì ń kọ́ni, pé ọmọ ìlú tòótọ́ kò ní kú. Barrett kọ èyí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń ka ohun ìní inú ilé. Ṣùgbọ́n kí òǹkọ̀wé eré dúró níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan wà tí a ti kọ́ pé ikú kò sí ní ìlú òun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ẹni tí ó tọ́ ọ kò jí. Ta ni ó bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ náà, kí sì ni ó sọ? Ọkọ̀ ojú omi ní òru àti arúgbó tí ń wá aya kò tó ìdámẹ́wàá ohun tí ó wà nínú ìbéèrè yẹn.

Àwọn tí ó tẹ Ayétòrò dó yàn án. Wọ́n ti ní ohun ìní rí, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n ti jìyà nítorí rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn kò fi ohunkóhun sílẹ̀, nítorí pé wọn kò ní ohunkóhun rí. Ohun tí ó jẹ́ ìrúbọ fún bàbá di àṣà lásán fún ọmọ. Ìwé Mímọ́ kò fojú fo ọ̀ràn yìí. Hánà ni ó jẹ́jẹ̀ẹ́, Sámúẹ́lì ni a mú lọ sí Ṣílò kí ó tó mọ ohun tí ẹ̀jẹ́ jẹ́. Ẹni tí ó kọ ìtàn náà kò gbàgbé láti sọ fún wa pé ìyá rẹ̀ a máa dá aṣọ kékeré kan fún un, a sì máa mú un lọ fún un ní ọdọọdún. Ẹ rò ó wò: ní ọdọọdún, ó ní láti fi ojú inú wọn bí ọmọ tí kò sí ní ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti ga tó. Aṣọ yẹn sọ ohun tí ìwàásù púpọ̀ kò lè sọ. Òun sì ni irú ohun tí a fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí lọ wá ní Ayétòrò.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ wa bá ń ka èyí tí ó sì ń mi orí nítorí àwọn Aládúrà, kí ó dúró díẹ̀. David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ dé Ìbàdàn ní 1853. Nínú ilé tí wọ́n kọ́ sí Kúdẹtì ni wọ́n ti ń gba ọmọ sọ́dọ̀. Nínú àwọn àkọ́kọ́ ni Akínyẹlé àti Yéjídé, ọmọ olóyè Olúnlóyò. Àwọn ọmọ náà ń jẹun pa pọ̀, wọ́n ń sùn pa pọ̀, wọ́n ń gbàdúrà ní àsìkò kan náà, wọ́n ń wọ aṣọ tí a rán fún wọn, wọ́n sì ń pe obìnrin tí kò bí wọn ní ìyá. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860 tí ọ̀nà etí òkun sì dí fún ọdún púpọ̀, ebi pa àwọn àti àwọn òyìnbó náà pọ̀. Ohun inú ilé ni ìyá wọn ń tà kí wọ́n lè jẹ. Kí ni a óò pe irú ilé bẹ́ẹ̀, bí kì í ṣe ibi tí a ti ní ohun gbogbo ní àpapọ̀? Láti inú rẹ̀ ni àwọn olùkọ́ àti àwọn alàgbà ìjọ wa ní Ìbàdàn ti jáde, a sì ń dúpẹ́ fún un.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe mọ ìtàn náà? Láti inú àwọn lẹ́tà àti ìwé ìrántí Anna Hinderer ni, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó jọ tí wọ́n sì tẹ̀ ní 1872 lẹ́yìn ikú rẹ̀, lábẹ́ orúkọ Seventeen Years in the Yoruba Country. Obìnrin onífẹ̀ẹ́ ni, ojú rẹ̀ sì ríran. Kò sí ẹni tí ó ka ìwé náà tí kò ní fẹ́ràn àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Síbẹ̀, ohun tí ọmọ sọ fún un ní èdè wa ni ó kọ ní èdè tirẹ̀, fún àwọn ará ilé rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tí ń fi owó ránṣẹ́. Ohun tí Yéjídé bá Akínyẹlé sọ ní òru, nígbà tí a ti pa fìtílà, kò sí ní inú rẹ̀. Ó ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí yóò bá wa mú un padà.

Ti Ayétòrò kò tíì bọ́. Ẹni tí a bí ní ọdún tí a tẹ̀ ẹ́ dó ń lọ sí ọgọ́rin ọdún lónìí. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọdé nígbà tí a ń jẹ nínú ìkòkò kan ṣì wà láàyè, òmíràn ní orí pákó tí ó kù ní Ayétòrò, òmíràn ní Ìgbòkòdá, òmíràn ní Èkó níhìn-ín, ní Mákòko tàbí ní àdúgbò àwọn Ìlàjẹ ní Bárígà, tí kò jìnnà sí Satellite Town ju owó ọkọ̀ díẹ̀ lọ. Àwọn wọ̀nyí ni kí wọ́n wá. Kí wọ́n má ṣe kọ́kọ́ béèrè nípa wòlíì. Kí wọ́n béèrè ibi tí wọ́n ń sùn, ẹni tí ń jí wọn, iṣẹ́ tí a kọ́kọ́ fi sí wọn lọ́wọ́, bí a ti ń pín ẹja, ohun tí ọmọ ń fi pamọ́ nígbà tí kò yẹ kí ó ní ohun tirẹ̀. (Kò sí ọmọ láyé tí kì í fi nǹkan pamọ́; Ananáyà àti Sàfírà kọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe é.) Kí wọ́n béèrè ọjọ́ tí owó kọ́kọ́ kan ọwọ́ wọn, àti ohun tí wọ́n fi í rà. Kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó lọ àti àwọn tí ó dúró pẹ̀lú, nítorí pé ìlànà eré wọn gbà pé ẹni tí ó sá lọ nìkan ni ó ní làákàyè.

A ní láti fi ìkìlọ̀ kan kún un. Ní Èkó yìí kan náà, ní Maryland, ni agbo ilé ọkùnrin tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Jésù Òyìngbò wà, ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní Jésù tí ó sì kú ní 1988. Àwọn ọmọ dàgbà nínú agbo ilé náà. Láti ìgbà náà ni àwọn oníwèé ìròyìn ti ń fi ìtàn ilé náà pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín, ó sì ṣòro láti rí èyí tí ó rántí pé ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méje níbẹ̀ kò pe ara rẹ̀ ní ohunkóhun. Bí a bá fẹ́ fi ìgbé-ayé ẹni tí ó wà láàyè ṣe eré, kí a kọ́kọ́ kà á fún un. Bí ó bá ní kí a yọ ohun kan kúrò, kí a yọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni àwọn òǹwòran ì bá ti pàtẹ́wọ́ jù.

Níti èdè, a kò fara mọ́ ohun tí a rí. Gbogbo àwọn ènìyàn inú eré náà ń sọ Yorùbá ilé-ẹ̀kọ́, bí ẹni pé Ọ̀yọ́ ni a bí wọn sí. Ìlàjẹ ní ohùn tirẹ̀. Orúkọ Ugbò, ọ̀kan nínú àwọn ìlú àtijọ́ wọn, tó láti fi hàn: fáwẹ́lì tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ ní ẹnu wọn. Jẹ́ kí àwọn ọmọ náà sọ èdè ìyá wọn lórí ìtàgé, kí wòlíì máa wàásù ní Yorùbá inú Bíbélì. Àwọn òǹwòran yóò gbọ́ fúnra wọn bí àlàfo tí ó wà láàárín wọn ti fẹ̀ tó, kò sì ní sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti dìde wí i. Kí wọ́n má sì bẹ̀rù pé ìjọ kò ní fẹ́ irú eré bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé eré àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní Glover Memorial Hall ní 1944, ìjọ Aládúrà kan ní Èkó ni ó ṣe é fún, ọgbà Édẹ́nì sì ni ó fi ṣe ìtàn rẹ̀. Àwọn aláṣọ funfun tí a ń fi ṣe ẹlẹ́yà lórí ìtàgé ní ìpín nínú bí a ti bí ìtàgé náà.

Ìgbòkòdá ni a ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ayétòrò. Ẹgbẹ́ wa ti pinnu láti fún ẹni méjì nínú àwọn ọ̀dọ́ náà ní owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, ọ̀kan ọkùnrin, ọ̀kan obìnrin, bí wọ́n bá gbà láti fi ìlànà eré wọn sílẹ̀ ní ilé nígbà tí wọ́n bá ń lọ.